Ojú Késárì Tó Jìn Sínú Wúrà

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ènìyàn méjì ò lè máa ṣiṣẹ́ pọ̀ lójoojúmọ́ kí wọ́n má bá ara wọn sọ̀rọ̀, ẹ ní kó lọ bi àwọn tó mọ Euhodus àti Trofimus. Ilé tí wọ́n ti ń tẹ owó fún Késárì ni wọ́n wà, ní Róòmù, ní ìsàlẹ̀ òkè Caelius. Euhodus ló ń to wúrà, Trofimus ló ń lu òòlù. Ẹrú Késárì ni àwọn méjèèjì, àna sì ni wọ́n jẹ́ síra wọn, torí Thallusa tí Euhodus fẹ́, àbúrò Trofimus ni, ọmọ ìyá kan náà.

Iṣẹ́ yẹn kì í sì í ṣe iṣẹ́ tí ènìyàn ń bá ọ̀tá ẹ̀ ṣe. Òǹtẹ̀ ìsàlẹ̀, èyí tí ojú Késárì wà lára ẹ̀, wọ́n ti rì í mọ́ kùkùté igi. Euhodus á fi ẹ̀mú mú wúrà pẹlẹbẹ tó ti gbóná, á gbé e lé ojú Késárì, á gbé òǹtẹ̀ òkè lé e lórí, á dì í mú. Ìgbà náà ni Trofimus á na òòlù sókè, òòlù tó tó orí ewúrẹ́, á sì sọ ọ́ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ àna ẹ̀. Àṣà àwọn atẹ̀wó ni pé kí ẹni tó ń to wúrà kọ́kọ́ pè é pé "Lù," kí òòlù tó bọ́. Euhodus kì í pè é mọ́. Ìka ló fi ń kan igi, kó, Trofimus á sì lù ú. Àwọn tó kù máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á ní tọkọtaya tó ń bínú ni wọ́n, pé ta ni nínú wọn ló máa kọ́kọ́ bẹ ẹnì kejì. Kò sí èyí tó ń rẹ́rìn-ín nínú wọn.

Ohun tó wá jọ ni lójú jù ni ohun tí wọ́n ń tẹ̀. Lọ́dún yẹn, Késárì tó ti dàgbà mú ọ̀dọ́kùnrin kan ṣe ọmọ, ó ní òun ló máa jọba lẹ́yìn òun. Ààfin sì fẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ pé ìrẹ́pọ̀ wà láàárín bàbá àti ọmọ. Ni wọ́n bá ní kí ojú Késárì wà níwájú owó wúrà náà, pẹ̀lú adé ewé lórí, kí ọwọ́ ọ̀tún méjì tó di ara wọn mú sì wà lẹ́yìn. Àwọn méjì tí kì í kí ara wọn káàárọ̀ ló wá ń tẹ ọwọ́ ìrẹ́pọ̀ sára wúrà láti àárọ̀ títí dalẹ́. Ẹ wo ayé.

Ọ̀rọ̀ Thallusa ló fà á. Nígbà tí ibà dá a gúnlẹ̀, alábòójútó àwọn ẹrú ní kí wọ́n gbé e lọ sí erékùṣù tó wà láàárín odò Tiber, níbi ilé òrìṣà ìwòsàn. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kó ẹrú tí àìsàn ẹ̀ bá ti sú olúwa ẹ̀ lọ. Euhodus ló gbé ìyàwó ẹ̀ pọ̀n kọjá afárá, òun náà ló sì gbé e sílẹ̀ níbẹ̀, torí ẹrú kì í bá alábòójútó jiyàn. Obìnrin náà ò padà wálé. Lásìkò yẹn, Trofimus wà ní ilẹ̀ Gallia, wọ́n rán an lọ tẹ owó àwọn ọmọ ogun. Ìgbà tó máa fi dé, wọ́n ti sin àbúrò ẹ̀.

Níbi omi ẹ̀rọ tí gbogbo wọn ti ń wẹ ọwọ́ ló ti kò ó lójú. Ó ní Euhodus gbé àbúrò òun bí ẹni gbé pàǹtí, ó lọ dà á nù sétí odò, pé ọwọ́ tó fi gbé e kò ní di nǹkan mú láyé. Ìjà ò dọlà, orúkọ ló ń sọni: láti ọjọ́ náà ni àwọn ẹlẹ́nu ṣákálá ibẹ̀ ti ń pe Euhodus ní Gbé-e-Dànù lẹ́yìn ẹ̀. Ó ń gbọ́ ọ, ó ń dùn ún, ó sì ń gbé e mì.

Nebris, ọmọ tí Thallusa fi sílẹ̀, ń rá nígbà náà. Ọdún márùn-ún ti kọjá lórí ìyẹn, eyín ọmọdé iwájú ẹ̀ sì ti ń yọ kúrò. Ọmọ náà nìkan ni Euhodus ní láyé, tí ẹrú bá ní nǹkan. Nínú ìwé, ti Késárì ni òun náà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, ara ọmọ náà gbóná nígbà tó jí. Euhodus gbé e lọ bá màmá Chreste, afọṣọ tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé, ó bẹ̀ ẹ́ kó máa fi aṣọ tútù nù ún lára, ó sì sáré lọ síbi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ara ẹ̀ nìkan ló dé ibẹ̀. Ojú ẹ̀ ń wo wúrà, ọkàn ẹ̀ wà lọ́dọ̀ ọmọ. Ibà ló pa ìyá. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá.

Iṣẹ́ ẹni tó ń to wúrà kò mọ sí títò nìkan. Bí òòlù bá ti bọ́ tán, ó gbọ́dọ̀ yí òǹtẹ̀ òkè wò, torí wúrà gbígbóná máa ń lẹ̀ mọ́ ọn nígbà míì. Ọwọ́ Euhodus ti mọ iṣẹ́ náà débi pé ó rò pé òun ti gba owó tó kẹ́yìn sínú àwo. Kò gbà á. Ó wà lẹ́nu òǹtẹ̀ òkè, ó lẹ̀ mọ́ ọn típẹ́típẹ́. Euhodus mú wúrà míì, ó gbé e lé Késárì lójú, ó kan igi. Trofimus lù ú.

Ìró ẹ̀ ni Trofimus kọ́kọ́ fura sí. Ó dún bí ìgbà tí wọ́n ju àpò ìyẹ̀fun sílẹ̀. Euhodus gbé òǹtẹ̀ òkè, owó méjì bọ́ sílẹ̀. Èkíní dára. Ó yí èkejì lẹ́yìn, kò bá ọwọ́ méjì níbẹ̀. Ojú Késárì ló tún bá, èyí tó wà lára owó tó lẹ̀ yẹn ló tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n kò yọ síta bíi ti iwájú, ṣe ló jìn sínú. Imú jẹ́ kòtò, ẹ̀rẹ̀kẹ́ jẹ́ kòtò, ojú náà sì kọ ẹ̀yìn síbi tó yẹ kó kọ iwájú sí.

Tó bá jẹ́ lọ́dọ̀ wa ni, ẹ lè ní àṣìṣe lásán ni. Ní Róòmù, ọmọdé mọ ohun tí ojú tó jìn sínú jẹ́. Bí ènìyàn ńlá bá kú, ìda oyin ni wọ́n ń yọ́ sí i lójú. Bí wọ́n bá ṣí i kúrò, ojú òkú á wà nínú ẹ̀, á jìn bí inú abọ́, ibẹ̀ ni wọ́n á ti mọ ère tí àwọn ọmọ ẹ̀ á máa gbé kọ́ ilé. Kò sí alààyè tí wọ́n ń ya ojú ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Késárì ò sì gbádùn lọ́dún yẹn. Wọ́n ti ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ béèrè lọ́wọ́ awòràwọ̀ pé ọjọ́ mélòó ló kù fún un. Ẹni tó bá bú sẹ́kún láìnídìí lọ́jà, wọ́n lè bi í pé ikú ta ló ń sun. Ní irú àsìkò yìí ni Euhodus mú ojú òkú Késárì lọ́wọ́, pẹ̀lú wúrà Késárì, nínú ilé Késárì.

Kò ṣeé jù nù, torí wọ́n wọn wúrà fún wọn láàárọ̀, wọ́n á sì wọ̀n ọ́n gbà nírọ̀lẹ́. Èyí tó bá bàjẹ́, ọ̀gá ilé iṣẹ́, Ampliatus, ló gbọ́dọ̀ fojú ara ẹ̀ rí i kí wọ́n tó yọ́ ọ. Ampliatus kì í ṣe ènìyàn búburú, ṣùgbọ́n ẹ̀rù máa ń bà á, ọ̀gá tí ẹ̀rù ń bà sì burú ju ọ̀gá tó burú lọ. Nígbà òjò tó kọjá, owó kan jáde tí ilà là á kọjá ní ọrùn Késárì. Ẹni tó to wúrà ọjọ́ náà ti wà nínú kòtò ìwakùsà ní Hispania báyìí, bí ó bá ṣì wà láyé. Ilà ọrùn lásán nìyẹn.

Euhodus ò ro ìwakùsà. Nebris ló rò. Ọmọ ẹrú tí kò ní bàbá, tí kò ní ìyá, alábòójútó á kàn kọ orúkọ ẹ̀ mọ́ àwọn tí wọ́n ń kó lọ sí oko Késárì lókè òkun. Wọ́n á gbé e sínú ọkọ̀ pẹ̀lú eyín iwájú tí kò tíì tún hù. Euhodus fara ti kùkùté igi.

Trofimus na ọwọ́ gba owó náà. Ó wò ó níwájú, ó wò ó lẹ́yìn. Euhodus ń wo ẹnu ẹ̀. Ẹ gbà mí gbọ́, àna náà ò nílò kó parọ́ mọ́ ọn. Kó ṣáà sọ òótọ́ ni, òótọ́ náà ti tó láti pa á. Ẹni tó ń to wúrà ló jẹ̀bi, kì í ṣe ẹni tó ń lù ú.

Lásìkò yẹn ni agogo oúnjẹ ọ̀sán dún. Àwọn tó kù gbé òòlù sílẹ̀, wọ́n ń tú lọ sí àgbàlá níbi tí wọ́n ti ń pín búrẹ́dì àti ẹ̀wà. Trofimus dúró títí ilé fi dá. Ó lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó yọjú wo òsì, ó wo ọ̀tún, ó padà wá. Ó wá la ẹnu tí kò tíì là fún ọkùnrin yìí láti ìgbà ibi omi ẹ̀rọ.

"Fẹ́ iná."

Euhodus rò pé etí òun ló ń dún.

"Mo ní kí o fẹ́ iná. Àbí etí ẹ náà ti kú?"

Ló bá kúnlẹ̀ sídìí ẹwìrì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ iná. Ohun tí Trofimus ń rò yé e kíá, torí iṣẹ́ kan náà ni wọ́n jọ mọ̀. Bí wúrà náà bá tún gbóná tó bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì lù ú ní ìlù tó lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ọwọ́ méjì lè bo ojú tó jìn sínú náà mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú Késárì ti iwájú gbọ́dọ̀ padà bọ́ sínú òǹtẹ̀ ẹ̀ gẹ́lẹ́. Bó bá yẹ̀ díẹ̀, Késárì á ní imú méjì, ìyẹn á sì tún burú ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Euhodus fi ẹ̀mú mú un jáde nínú iná. Ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n. Wúrà náà yọ̀ kúrò lórí òǹtẹ̀, ó bọ́ sílẹ̀. Ó dá a padà sínú iná, ó tún mú un, ó tún bọ́. Láti àgbàlá, wọ́n ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn tó ń jẹun. Omijé ti ń já bọ́ lójú ọkùnrin náà, kò sì mọ̀.

Trofimus gba ẹ̀mú lọ́wọ́ ẹ̀, ó gbé òòlù lé e lọ́wọ́.

"Èmi ni n ó tò ó. Ìwọ lù ú."

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò lu òòlù rí."

"Mo mọ̀."

"Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ẹ ò rí i ni?"

"Òòlù wúwo ju gbígbọ̀n lọ. Ẹ̀mú ló fúyẹ́. Ṣáà gbé e sókè dáadáa, kí o jẹ́ kó wá sílẹ̀ fúnra ẹ̀."

"Bí mo bá ṣì í lù ńkọ́? Bí ọwọ́ yín bá fọ́, kí lẹ fẹ́ fi jẹun níbí?"

Trofimus ti ń mú wúrà náà jáde. Kò gbé ojú sókè.

"Mo lọ sí erékùṣù yẹn lọ́dún tó kọjá," ó ní. "Mo bi ìyá tó ń gbálẹ̀ ilé òrìṣà. Ó ní ọkùnrin kan máa ń wá ní kùtùkùtù kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, tòun ti ọmọ lẹ́yìn. Wọn ò jẹ́ kó wọlé. Á dúró lórí afárá, á máa pe orúkọ obìnrin ẹ̀ títí tí ìyẹn á fi jẹ́. Ó ní lọ́jọ́ tí kò jẹ́ mọ́, ọkùnrin náà ò lọ. Ó ṣì ń pè é."

Euhodus yíjú sí i. Òòlù wà lọ́wọ́ ẹ̀.

"Láti ọdún tó kọjá lẹ ti mọ̀?"

"Mo ti mọ̀."

"Ẹ wá ń jẹ́ kí wọ́n máa pè mí ní Gbé-e-Dànù."

"Ìta gbangba ni mo ti bú ẹ. Ojú ń tì mí. Gbogbo àárọ̀ ni mo máa ń sọ pé òní ni n ó sọ ọ́. Bí mo bá ti rí ẹ, ẹnu mi á wúwo." Ó gbé wúrà náà lé òǹtẹ̀ ìsàlẹ̀, ó yí i díẹ̀, ojú Késárì sì bọ́ sínú ojú Késárì. Ó gbé òǹtẹ̀ òkè lé e, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. "Wúrà ń tutù."

Mi ò ní tàn yín jẹ. Inú bí Euhodus. Ọ̀rọ̀ náà gùn ún láyà, ó rántí gbogbo àárọ̀ tó fi ìka kan igi, ó rántí bó ṣe ń wo ojú àna ẹ̀ bóyá ó máa rọ̀. Ọdún kan gbáko. Òòlù wà lókè, ọwọ́ ọkùnrin náà wà nísàlẹ̀, ọwọ́ tó jọ ti Thallusa, àtàǹpàkò ẹ̀ kúrú bíi tiẹ̀ gẹ́lẹ́. Bí òòlù bá yẹ̀, ta ló máa sọ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ni? Ó tiẹ̀ lè má mọ̀ fúnra ẹ̀.

"Lù," ni Trofimus wí.

Euhodus jẹ́ kí òòlù wá sílẹ̀.

Ìró náà dùn, bí ẹni pàtẹ́wọ́ kan. Wọ́n gbé òǹtẹ̀. Ọwọ́ méjì wà níbẹ̀, wọ́n di ara wọn mú gírígírí, níwájú Késárì sì ní imú kan ṣoṣo. Etí òòlù ti ha Trofimus ní àtàǹpàkò, èékánná ẹ̀ ti là, ẹ̀jẹ̀ ń jáde. Ó jókòó sílẹ̀, ó bú òòlù náà, ó bú ẹni tó rọ ọ́ àti ìyá ẹni tó rọ ọ́, ní èébú tí mi ò lè tún sọ níbí. Euhodus fa etí aṣọ ẹ̀ ya, ó fi di í.

Nírọ̀lẹ́, Ampliatus wá wọn wúrà. Ó máa ń ṣa díẹ̀ nínú owó wò kó tó dà wọ́n sórí òṣùwọ̀n, orí burúkú sì ni, èyí gan-an ló mú. Ó gbé e sún mọ́ fèrèsé. Ilà fẹ́ẹ́rẹ́ kan wà níbẹ̀ tó gba ọrùn ọwọ́ kan kọjá, ibi tí imú ti jìn tẹ́lẹ̀, wúrà ò kún un tán. Ampliatus fi èékánná tọ́ ọ.

"Kí ni ilà yìí?"

"Iṣan ọwọ́ ni, ọ̀gá," Trofimus dá a lóhùn, àtàǹpàkò ẹ̀ wà nínú àkísà. "Ẹni tó bá di ọwọ́ ẹnì kejì mú tọkàntọkàn, iṣan ẹ̀ gbọ́dọ̀ yọ. Mo fi agbára lù ú ni ó fi hàn."

Ampliatus wò ó títí. Ó wo àkísà tí ẹ̀jẹ̀ ti rin, ó wo Euhodus, ó tún wo owó náà. Bóyá ó mọ nǹkan, bóyá kò mọ̀, mi ò lè búra. Ó ní iṣan náà dára. Ó ní òun máa sọ fún ẹni tó ń gbẹ́ òǹtẹ̀ kó fi iṣan sí gbogbo wọn, pé àwọn tó kù ń lu tiwọn bí ẹni tí ebi ń pa. Ó sì jù ú sórí òṣùwọ̀n mọ́ àwọn tó kù. Títí di òní, bí ẹ bá rí ọwọ́ méjì lára wúrà Késárì yẹn tí iṣan yọ lára wọn, ẹ mọ ibi tó ti wá.

Nígbà tí wọ́n jáde, Euhodus ń yára lọ wo ọmọ. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀. Trofimus ń bọ̀. Kò ní kó dúró, kò sì ní kó padà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gun òkè náà títí dé ilé.

Nebris wà níta lórí ẹní, ó jókòó ti màmá Chreste, ó ń fi búrẹ́dì nu ọbẹ̀ nínú abọ́. Ara ẹ̀ ti rọ̀. Euhodus gbé ẹ̀yìn ọwọ́ lé e níwájú orí, ó tún gbé e lé e, bíi pé kò gba ara ẹ̀ gbọ́, ó sì jókòó sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ọmọ náà ti ń wo ọkùnrin gíga tó dúró lẹ́yìn bàbá ẹ̀, tó so àkísà mọ́ ọwọ́, tí kò mọ ibi tó máa wò.

"Ta lẹ jẹ́?"

"Trofimus ni mí. Ẹ̀gbọ́n ìyá ẹ."

Ọmọ náà dá oúnjẹ dúró. "Bàbá mi ní ẹ ti kú."

Ìtìjú mú Euhodus, ó dorí kodò. Ó ti pẹ́ tó sọ ọ́, nígbà tí ọmọ náà ń béèrè ìdí tí ẹnikẹ́ni kì í fi í wá kí wọn, òun ò sì mọ ohun tí òun lè wí. Màmá Chreste wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ tó ti ká tẹ́lẹ̀.

Trofimus fi ọwọ́ tí kò dùn ún nu ojú. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ojú òun àti ti ọmọ náà fi ṣe déédéé.

"Òótọ́ ni bàbá ẹ sọ," ó ní. "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni."

Nebris rò ó díẹ̀. Ó wá sún abọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì sún lórí ẹní kí ọkùnrin náà lè ráyè jókòó.